Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Tó Di Tábìlì Ẹ̀rọ

Ìdí pákó náà já wálẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, orí rẹ̀ sì ta kúrò lẹ́nu ayùn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá mi àgbà na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìlúpéjú lójú títì. Ó yẹ ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"N ò ní í fi ọmọ ṣe tábìlì mọ́," ló sọ.

Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Ìkọ̀lé. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde takáàbà bàbá mi àgbà ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá, ẹ̀rọ tó fi sílẹ̀ sì ti pẹ́ láyé: òun kan náà ló ń la pákó, tó ń fá a, tó tún ń lu ihò. Ṣùgbọ́n ojú irin tí pákó ń sùn lé lórí rẹ̀ kò gùn tó apá àgbàlagbà. Ní gbogbo ọdún tí bàbá fi ń ti pákó láti iwájú, ìyá àgbà ló ń gbà á lẹ́yìn. Òun ló wá wà níwájú báyìí, kò sì sí ẹni tó máa gbà á àfi èmi.

Bàbá ti gba iṣẹ́ àga gígùn mẹ́wàá kó tó kú, fún ilé kéwú tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù. Lèmọ́mù wá, ó kí ìyá àgbà pẹ́, ó wá rọra ní bí iṣẹ́ náà bá wúwo jù, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní Ìfàkì. Ìyá àgbà tọrọ oṣù kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn náà pè pé kí wọ́n ta ẹ̀rọ ọ̀hún. Ó ní kò sẹ́ni tó gbé ẹrù náà lé ìyá òun lórí.

Ọjọ́ kejì tí mo ṣubú ni ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì tí yóò so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó lo pákó àrère. Alágbẹ̀dẹ òdìkejì títì lu ihò sétí irin kí bóòtù lè dè é mọ́ra. Ìyá àgbà fi bóòtù sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì pẹ̀lú, kó lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Ó na òwú láti orí irin dé ìpẹ̀kun pákó, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, ó ní kí n fi sípánà yí bóòtù díẹ̀ sí i, kí tábìlì lè bá irin dọ́gba.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, òjò rọ̀. Àrère náà wú láàárín. Nígbà tí a ti pákó kọjá, ẹnu rẹ̀ gbá ibi tó wú, ó dúró gbọnin. Mo rò pé ìyá àgbà máa sunkún. Ó tú gbogbo bóòtù sínú agolo mílíìkì, ó wọ inú ilé, ó ń fi ìka kan igi wò: ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé. Ó dé ibi ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ìrókò tí èéfín ti gbẹ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí màmá mi.

"Ugi tó gbẹ tó yìí," ló ní, "kò ní í lọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Ó yọ ọ́. Màmá mi ní ewúrẹ́ máa jẹ wá tán. Ìyá àgbà ní kó fi àpò bo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ méjì ló fi fá a, títí àwọ̀ pupa igi náà fi yọ lábẹ́ èéfín. Ó fi àbẹ́là pa á lójú kó lè máa yọ̀, ó sì fi bóòtù dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ó tan ẹ̀rọ, ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pákó wọ ẹnu ayùn, ó gba òdìkejì jáde, ó rọra ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀kùn náà. Kò já. Ìyá àgbà pa ẹ̀rọ, ó rìn yí i ká, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó tó sùn gbọọrọ.

"Ó dùn mí pé bàbá rẹ àgbà ò rí i."

Àga méje péré ló parí nígbà tí oṣù pé. Lèmọ́mù jókòó sórí ọ̀kan, ó dìde, ó ní àwọn á dúró de mẹ́ta yòókù. Ewúrẹ́ jẹ iṣu wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn wálé lọ́dún Iléyá, kò mẹ́nu kan títa mọ́. Òun ló bá wa gbé àga tó kẹ́yìn lọ sí ilé kéwú.

Aṣọ ni mò ń rán ní tèmi. Lọ́dún tó kọjá, a gba iṣẹ́ kọ́tìnnì kan tó wúwo débi pé ó ń fa apá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ń kánjú, ṣùgbọ́n ara mi kọ̀ ọ́. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo lọ ra pákó, mo sì gbé òòlù láti kan tábìlì sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀gá àwọn ti di gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ti wọlẹ̀ sùn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, òun ni mò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.