Hóró Oògùn àti Ọjọ́ Ọjà

Òórùn omi jafẹ́lì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn wa kì í kúrò nímú ènìyàn bọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, òórùn èédú àti iṣu tútù a tún dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí àwọn ará oko tó bá fẹ́ rí dókítà a kọ́kọ́ já ẹrù wọn sílẹ̀ lọ́jà Atakpamé kí wọ́n tó gun òkè wá bá wa. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo sì máa ń jókòó ti dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn ọpọlọ ń yọ lẹ́nu. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo rò pé kò sí irọ́ tí ará ilé aláìsàn lè pa tí n kò ní mọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí mọ irú ìgbéraga tí mò ń wí.

Ìyá àgbà kan máa ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, láti abúlé kan tó wà lẹ́yìn Elavagnon. Wárápá ló ń ṣe ọmọ náà. Kí wọ́n tó mú un wá rárá, ó ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná, iná sì ti jó o lọ́wọ́ òsì débi pé ìka méjì lẹ̀ mọ́ra wọn. A fún un ní oògùn: hóró kan lójúmọ́, ọgbọ̀n hóró fún oṣù kan. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti padà wá báyìí, ìròyìn kan náà ni: àìsàn náà tún ti gbé e ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà fi kún agbára oògùn náà. Ó tún ṣubú. Dókítà tún fi kún un. Ọmọ tó máa ń dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó máa ń bi mí ní orúkọ gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri, wá di ẹni tó ń sùn lórí ìjókòó tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wọn ní abúlé ní kí wọ́n fi í sílé ná, pé oorun ló ń wá sùn ní kíláàsì.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá ni mo máa ń bi ìyá àgbà bóyá ọmọ náà ń lo oògùn lójoojúmọ́. Á wò mí lójú, á ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò gbà á gbọ́. Mo fi bíírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà pé àwọn ará ilé kò tẹ̀lé ìlànà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, dókítà ti pinnu láti fi kún oògùn náà lẹ́ẹ̀kẹta, kó sì fi òmíràn tì í. Ó ti fa ìwé tó fẹ́ kọ ọ́ sí mọ́ra. Ìyá àgbà bá ní kí n jọ̀wọ́ bun òun lómi, pé ọmọ náà kò tíì lo oògùn ti òwúrọ̀ nítorí wọn ò tíì jẹun nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú pépà kékeré kan jáde, ó ṣí i. Ìlàjì hóró ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi abẹ gé gẹ́rẹ́gẹ́ bí ẹni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló gé e.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ gé e?"

Ó ní, "Kó lè dé ọjọ́ ọjà ni, mádàámù. Ẹ ní kò gbọdọ̀ sí ọjọ́ tí kò ní lò ó. Kò sí ọjọ́ tí kò lò ó rí."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń ti abúlé wọn wá sí Atakpamé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ ọjà. Tí a bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn, ọjà kẹrin bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjà karùn-ún sì bọ́ sí ọjọ́ karùndínlógójì. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í wá ní ọjà kẹrin, nígbà tí oògùn ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, kò bá mi jà: "Mo wá bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ mi kò tíì pé."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Mo rántí. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ pé, òfin wa sì ni pé a kì í fún ènìyàn ní oògùn ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ni mo bá dá arúgbó padà sí ẹ̀yìn Elavagnon lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe ìṣirò tirẹ̀. Hóró márùndínlọ́gbọ̀n ni ọmọ náà ń lò lódidi, á wá gé márùn-ún yòókù sí méjì-méjì kó lè kájú ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Inú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gan-an ni ọmọ náà máa ń ṣubú. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ìyá yẹn lójú.

Mo ṣàlàyé fún dókítà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi kún nǹkan kan, kí a kàn fún wọn ní oògùn tó máa pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ kan lé, nítorí ọkọ̀ lè bàjẹ́. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà pẹ́. Ó ní, "Tó bá tún ṣubú sínú iná ńkọ́?" Mo ní kó kọ orúkọ mi sínú ìwé náà pé èmi ni mo ní kí ó dúró. Ó kọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó pa á rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn gùn. Mo ti kìlọ̀ fún ìyá àgbà pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná, kò gbọdọ̀ dá lọ sódò, síbẹ̀ bí mo bá dáná nílé tèmi, ọwọ́ ọmọ yẹn ni mò ń rí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, n kò ní purọ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí láti aago méje, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù tó gbé wọn gòkè láti ọjà. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ dúró kí n kí i. Ó na ìka márààrún sókè.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò ṣubú."

Mo gbé ọmọ náà sókè níbẹ̀, ní iwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Dókítà dìde lórí àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ ìyá àgbà lọ́wọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti lè dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, ojú ọmọ náà sì là. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè da iṣẹ́ mi rú, mo sì ń dáhùn pẹ̀lú ayọ̀. Mo bi àwọn aláìsàn yòókù tó ń gba ọ̀nà Elavagnon wá ní bí wọ́n ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì rí mẹ́rin tí wọ́n ń gé oògùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A yí ọjọ́ gbogbo wọn sí ọjọ́ ọjà, a sì ń ka oògùn fún wọn ní iye ọ̀sẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà yege ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà gbé ìwé ẹ̀rí náà wá kí n kà á fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti kà á fún un nílé, nínú ọkọ̀ àti lójú títì. Mo kà á sókè, gbogbo àwọn tó jókòó nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe ń kà á ni mo mọ̀ pé mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rò pé èmi nìkan ni mò ń tọ́jú ọmọ yìí, tí arúgbó yẹn sì ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Nọ́ọ̀sì méjì ló tọ́jú rẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.