Ṣòkòtò Tí A Gé Mọ́ Ìwọ̀n Lára

Ìwọ̀n kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá dé ilé iṣẹ́ wa tí o pe orúkọ mìíràn, a ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dúró. Mi ò ṣàwàdà o. Yóò gun àpótí kékeré tó wà láàárín yàrá, yóò wọ ṣòkòtò jíìnsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán pọ̀, Bàbá Agéṣọ yóò sì máa yí i ká pẹ̀lú pín-ìnnì, abẹ́rẹ́ kékeré olórí, lẹ́nu, yóò máa fi há ibi tí aṣọ bá ti ṣẹ́ kù, yóò sì máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tó bá ti fún jù. Ohun tí ara Ìwọ̀n bá wí la ó gé, ohun tí a bá sì gé ni gbogbo obìnrin tó bá rà á yóò wọ̀.

Èmi, àpò ọwọ́ ni mò ń rán, ní igun tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ìdí rẹ̀ ló sì máa ń wà níwájú mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo máa ń sọ pé nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ìdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi. Yóò bú sẹ́rìn-ín, pín-ìnnì yóò yẹ̀, Bàbá Agéṣọ yóò sì jágbe mọ́ èmi àti òun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni yóò wí, "ẹ má jẹ́ kí bàbá yìí gún mi."

Ọ̀gá wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Àpò ọwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé ìyá rẹ̀. Inú ló bí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán jíìnsì. Ó ní gbogbo èyí tí òun ń rà, bó bá ti gba òun nídìí, á ya ẹnu kalẹ̀ níbi ìgbànú, débi pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé á rí ohun tí òun wọ̀ sábẹ́. Ó ní àwọn tó ń rán an kò tíì rí obìnrin rí láyé wọn. Ọjọ́ tó wá rí Ìwọ̀n, tó sanra nídìí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ìgbànú, ńṣe ló pàtẹ́wọ́. Ó sọ ṣòkòtò náà ní Ó-Bá-Mi-Mu. Awọ tó bá ṣẹ́ kù lára àpò tèmi ni mo fi ń gé àmì rẹ̀, èyí tí a ń rán mọ́ ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má fojú kéré mi, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Bàbá Agéṣọ ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí Ọ̀gá, kò sì ka téèpù sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló fi téèpù wọn Ìwọ̀n. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ ló gbà gbọ́. Aṣọ tuntun yòówù kó dé, yóò wọ̀ ọ́ fún un, yóò há a, yóò sì fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ etí pátánì, ìyẹn bébà tí a fi ń gé aṣọ, títí yóò fi bá ohun tí pín-ìnnì wí mu. Bí Ọ̀gá bá ní kí wọ́n tọ́jú bébà ti tẹ́lẹ̀, á ní, "Ṣé bébà ní ìdí ni?" Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, torí pé àwọn ṣòkòtò àkọ́kọ́ yẹn tà wàràwàrà. Àwọn obìnrin tó mọ oge í ṣe wọ̀ ọ́, wọ́n gbé àpò mi kọ́ èjìká, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ mú ohun tí kò já bọ́, kí àwọn èèyàn lè rí i pé kò ya ẹnu.

Akunlé ni ọkọ Ìwọ̀n, ọ̀dà ló ń kùn sára ilé onílé. Bí a bá fẹ́ ṣíwọ́, á yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí kò sí àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti gé ìyàwó mi tán?" Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ la sì ń rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sú Bàbá Agéṣọ. Ara ro ó lọ́jọ́ kan, ibà lásán ló kọ́kọ́ pè é. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú un ní pàtàkì, ó ti kú.

Ìwọ̀n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Ọ̀gá ní kó sinmi sí i, ó ní rárá. A kí i, a rojọ́, a sunkún fún un, òun gan-an kò sunkún. Ó ń dá wa lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo wà dáadáa, Ẹ̀gbọ́n." Bí mo bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, á ní òun ti jẹ. Bí mo bá bu oúnjẹ fún un, á dúpẹ́, á gbé e síwájú, á máa wò ó títí yóò fi tutù. Àwàdà mi wọ inú rẹ̀ lọ, kò padà jáde. Inú bí mi sí i, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń bínú sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, torí pé mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lórí àpótí, Bàbá Agéṣọ há aṣọ mọ́ ọn nítan, pín-ìnnì bá wọlé ṣinṣin. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Ó ti yọ lára jíìnsì náà, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kígbe. Bàbá Agéṣọ fa pín-ìnnì yọ, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n wo itan rẹ̀, ó ní, "Ó mà ti ba aṣọ jẹ́."  Bí ẹni pé itan ẹlòmíràn ni wọ́n gún.

Ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ti ń pààrọ̀ aṣọ, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀wù gígùn náà bo òkè ṣòkòtò. Aṣọ tí a ń lò nígbà náà, tuntun ni, èyí tó máa ń fà bíi rọ́bà. Nítorí náà, bí ṣòkòtò bá dẹ̀ lára Ìwọ̀n, Bàbá Agéṣọ á ní, "Aṣọ yìí ti fà jù," á há a wọlé, á sì rẹ́ bébà. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ tún fà. Ó tún rẹ́ ẹ. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé aṣọ ló ń fà.

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni a kó ọjà yẹn fún. Òun ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé Ó-Bá-Mi-Mu síwájú gíláàsì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i, inú Ọ̀gá sì dùn débi pé ó gbá mi mọ́ra. Kò pẹ́ tí ọjà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí obìnrin náà fi já wọ ilé iṣẹ́ wa pẹ̀lú àpò ńlá. Ó da àwọn ṣòkòtò náà sílẹ̀.

"Ta lẹ gé eléyìí fún?" ló bi wá. "Àwọn oníbàárà mi ò lè fà á kọjá itan. Ọ̀kan bú sẹ́kún nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò. Ó rò pé òun ló sanra lójijì."

Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó wọ̀ ọ́, ó há sí i nítan. Èmi náà mú ọ̀kan, kí wọ́n má baà ní mi ò gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n má sọ bó ṣe rí. Ẹ sáà mọ̀ pé ẹni méjì ló fà mí jáde.

Ìyá ṣọ́ọ̀bù ní òun á dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá gbé èyí tó dà bíi ti àkọ́kọ́ wá, òun kò ní gbé orúkọ wa sí ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ó lọ. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan di ẹ̀bi ru aṣọ, àwọn kan ní fífọ̀ tí a fọ̀ ọ́ ló jẹ́ kó súnkì. Ọ̀gá dìde. Ó mú téèpù lórí tábìlì, ó pe Ìwọ̀n sórí àpótí, ó fi yí i nídìí lórí ẹ̀wù dúdú náà. Ó wo téèpù, ó tún un yí. Lẹ́yìn náà ló fi hàn Bàbá Agéṣọ. Bàbá jókòó.

Àṣé kì í ṣe aṣọ ló ń fà. Obìnrin náà ló ń rù lójú wa, a sì ń fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀lé e.

"Ẹ má bínú," ni Ìwọ̀n wí.

"A máa ní láti wá ẹlòmíì," Bàbá Agéṣọ wí. Ojú ń tì í, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹni tó sanra díẹ̀. Ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa, Bàbá," ni Ìwọ̀n dáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ó dáa yẹn ló mú mi bínú. Mo ní, "Kí ló dáa? Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ní ó dáa?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ?"



Ọ̀gá ló rí ọ̀nà. Ó ní, "Bébà àtijọ́ ti lọ, Bàbá ti rẹ́ ẹ dànù. Àmọ́ ṣòkòtò tí a kọ́kọ́ rán ńkọ́? Bí a bá rí i, a lè tú u ká fi gé bébà tuntun. A ò ní wá ẹnì kankan." Ó kọjú sí Ìwọ̀n. "Ìwọ ni mo fún ní èyí àkọ́kọ́ pàá. Níbo ló wà?"

Ìwọ̀n ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Ó wà nílé. Kò ṣeé mú ni."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀wù ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀wù ta ni.

Èmi ni mo bá a lọ. Yàrá kan péré ni ilé rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ìdajì ibùsùn wà ní títẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀ rí. Garawa ọ̀dà wà ní igun, búrọ́ọ̀ṣì ti gan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣó kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà lórí ìṣó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíìnsì sì yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ ló fi aṣọ tirẹ̀ kọ́ lé e lórí nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní ara ń ro òun. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ kankan kò kàn án.

Ìwọ̀n dúró níwájú ìṣó náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró lórí àpótí.

"Ẹ bá mi mú un, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò ní mú un," mo wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí o, ṣùgbọ́n mo kọ̀. "Èmi kọ́ ni mo ní in."

 Mo gbọ́ tí àwọn ará ilé ń pọn omi níta. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó gbé ẹ̀wù náà kúrò, ó gbé e lé apá, ó mú ṣòkòtò, ó sì fi ẹ̀wù kọ́ padà síbi tó wà. Ó tún ọrùn rẹ̀ ṣe kó má baà wọ́. A jáde.

Ní ilé iṣẹ́, Ọ̀gá ní kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn fojú rí iye tó ti sọnù. Ó bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú kó má baà já bọ́. Ó gun àpótí. Ó fa ibi ìgbànú síwájú, ó wo inú rẹ̀. Ṣòkòtò tí a ní kì í ya ẹnu, ẹnu rẹ̀ là gbàgà.

"Ẹ wò ó," ló wí jẹ́ẹ́. "Àyè ẹnì kan ṣì kù níbẹ̀."

Bàbá Agéṣọ yíjú sí ògiri. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ àwàdà kan lẹ́nu, kò wá.

Ọ̀gá ní, "Ẹ tú u, Bàbá. Àti pé àpótí yẹn, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ gùn ún títí ara Ìwọ̀n á fi padà sípò. Ẹ gbọ́ mi?" Bàbá ní òun gbọ́. Ó mú bíléèdì, ṣùgbọ́n Ìwọ̀n na ọwọ́ gbà á.

"Ẹ jẹ́ kí n tú u fúnra mi."

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè. Nígbà tó dé ibi àmì awọ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, òwú rẹ̀ nípọn, ó fi ipá fà á, bíléèdì sì yẹ̀. Ó gé e ní ìka. Ọgbẹ́ kékeré ni, kò tó ti pín-ìnnì ọjọ́sí.

"Yéè!" ló ké. Ó ju bíléèdì nù, ó di ìka mú. "Yéè, ó dùn mí o! Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí!"

Ariwo ẹ̀rọ dáwọ́ dúró. Bàbá Agéṣọ sáré wá pẹ̀lú àkísà mímọ́, ó fẹ́ fi di ìka náà. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí n rí i. Ṣé ibí yìí ni?"

Ìwọ̀n mi orí, rárá. Ó ń sunkún, ó gbá ṣòkòtò tí a ti tú ní ìdajì mọ́ àyà. "Kì í ṣe ibẹ̀, Bàbá," ló wí. "Kì í ṣe ibẹ̀."