Ìrọ̀lẹ́ Tí Mo Sá Nídìí Oúnjẹ Àwọn Júù ní Igbó Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí ẹ̀rù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní Igbó Ẹfọ̀n. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o! Tàbí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Lakowe nígbà yẹn. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá, mi ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ rẹ́ǹtì yàrá ní Addo. Ọmọ náà dáa, àmọ́ ayé tiẹ̀ ló ń jẹ ní tiẹ̀. Mo lè lọ síléèwé kí n sì dé, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí lára?

Nkechi nìkan ló máa ń jókòó tì mí ní kíláàsì. Júù ni wọ́n nílé wọn. Mo ní, Ìgbò wo ló ń jẹ́ Júù? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i. Ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tòun máa ń pàdé ní fúláàtì Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ní Igbó Ẹfọ̀n, ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ́ gboyè jáde, tí wọ́n á gbàdúrà, tí wọ́n á sì jẹun.

Oúnjẹ! Mo ti lọ nìyẹn.

Kí n tó jáde ni màmá mi pè. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra o, pé Èkó ti burú, pé ẹni tó bá ń tẹ̀lé èèyàn lọ sílé tí kò mọ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fèèyàn ṣoògùn owó. Mo ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn tèmi gan-an ò wá balẹ̀ mọ́!

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n kí mi tẹ̀rín tọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí: aṣọ funfun lórí tábìlì, àbẹ́là tó ń jó, wáìnì pupa nínú ife. Kò sẹ́ni tó mú fóònù dání. Nkechi ní tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn kì í tẹ fóònù títí ilẹ̀ Sátidé á fi ṣú. Mo ní ó dáa. Inú mi ń sọ pé, "Mofẹ́, o ti wọ gàù!"

Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì wá dìde. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá wo ẹnì kan, á sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè tí mi ò gbọ́ rí. Á sún sí ẹlòmíì, á sọ òmíì. Nígbà tó kàn mí, ó wò mí, ó sọ tèmi, ó sì mirí. Ó ní, "Ó pé!" Inú gbogbo wọn dùn.

Ó pé kẹ̀? Kí ló pé? Ọfọ̀ rèé o! Èmi ni wọ́n fi pé iye tí wọ́n ń wá! Mo rọra sún sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn fọwọ́ bojú. Gbogbo wọn pátá! Ta ló máa dúró? Mo rọra ṣílẹ̀kùn, mo ki eré mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Igbó Ẹfọ̀n mọ̀ pé tí òjò bá rọ̀, ẹ ò ní mọ títì yàtọ̀ sí gọ́tà. Omi ti dé orúnkún. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi yẹ̀ lábẹ́ mi, gbàm! Mo ti wà nínú gọ́tà, omi dé àyà mi, ó ń wọ́ mi lọ. Irin kan tó yọ síta níwájú géètì onígéètì ni mo rí dì mú. Mo kígbe, kígbe. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún lósì, òjò ń lu páànù. Ta ló fẹ́ gbọ́?

Ọwọ́ mi ti ń yọ̀. Ikú ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ nǹkan mìíràn bà mí lẹ́rù jù ú lọ. Tí omi yìí bá gbé mi lọ, ta ló máa mọ̀? Ẹni tá a jọ ń gbé á rò pé mo lọ sílé. Màmá mi á rò pé ìwé ni mò ń kà. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ "Mofẹ́! Mofẹ́ o!" Iná fóònù ń tàn bọ̀. Nkechi ló gbé e dání, Nkechi tó ní àwọn kì í tẹ fóònù! Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n tò wá sí etí gọ́tà. Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ló ṣíwájú, omi ti dé ìbàdí ẹ̀. Ó ní kí n fi irin sílẹ̀, kí n di òun mú. Ẹni tí mò ń sá fún? Mi ò gbà! Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ọwọ́ ti ń ro mí." Mo wo ojú ẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun náà. Mo fi irin sílẹ̀.

A délé, wọ́n fi táwẹ̀lì wé mi. Ni Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì bá tún dìde, ó tún ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún ń pe ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo figbe ta! Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n má fi mí ṣoògùn! Nkechi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní àwọn kì í ka èèyàn ní ení, èjì. Ẹsẹ àdúrà kan ní èdè Hébérù ni wọ́n máa ń pín, ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá gbogbo èèyàn ti wà níjókòó.

Háà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ìyá àgbà mi á gbá ẹ létí tó o bá nàka sí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, tó o ń kà wọ́n. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo sá fún tí mo fi kó sí gọ́tà!

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe tètè mọ̀ pé mo ti jáde. Bọ̀ọ̀dá Dáníẹ́lì ní báwọn ṣe ṣíwọ́ lójú lòun tún pín ẹsẹ náà kí àwọn tó jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù lẹ́nu òun, òun ò rí ẹni tó ni ín. Ni wọ́n bá fi oúnjẹ sílẹ̀. Fóònù ńkọ́? Nkechi ní òfin àwọn gan-an ló sọ pé kí àwọn gba ẹ̀mí là ná.

Mi ò tíì di Júù o, ẹ má lọ sọ fún màmá mi! Mò ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ni. Àmọ́ kò sí Fúráìdè tí mi ò kì í lọ. Títí dòní, tí òjò bá ti ṣú, àyà mi á já.

Ẹni tá a jọ ń gbé dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní ṣé mo gbádùn wíkẹ́ẹ̀ǹdì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹni tó bá lè fi oúnjẹ sílẹ̀ torí pé o ò sí níbẹ̀, èèyàn ẹ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé èdè tó ń sọ ò yé ẹ. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tá ò bá rí yín lónìí, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sísàlẹ̀ níbí. Tẹ́ ò bá rí orúkọ kankan kọ, ẹ kọ tiyín. Màá wá yín.