Àfòpiná tí kò tíì lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka eléyìí dópin.

Ọmọ yunifásítì kan tó ń ṣa kòkòrò jọ níbi ìkẹ́rùsí kòkó wa ní Liverpool Road ní Àpápá ló na ìgò sí mi láàárọ̀ yìí. Àfòpiná kan wà nínú ẹ̀, kò tó ẹyọ ìrẹsì, ìyẹ́ ẹ̀ ń dán bíi páànù tuntun.

"Àǹtí, kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan. Tuntun ni!"

Inú tiẹ̀ ń dùn. Mo ní, "Kí ló ń jẹ?"

"A ò tíì mọ̀. Ara àwọn àpò kòkó tó ti ṣófo yìí ló ń yé sí. Tí ọmọ ẹ̀ bá dàgbà, á lu ihò jáde."

Àpò yẹn náà la máa ń pín lọ sílé ní Sátidé! Mo ti fi tèmi rán tìmùtìmù fún ọmọ mi.

Mo sá wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ajégúnlẹ̀. Ọmọ ń sùn fọnfọn lórí ẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi. Mo gbé e, mo yẹ etí ẹ̀ wò, mo yẹ imú ẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan. Ni mo bá yí tìmùtìmù náà.

Ihò mẹ́rin ni mo kà. Àfòpiná kan ṣoṣo ni mo rí pa.

Ẹ̀yin tá a jọ pín àpò, ẹ ti wo tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.