Èkùrọ́ Tí Kò Ní Ẹfun

Títí dòní, bí mo bá rí èkùrọ́ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ó ti ṣe sójà fún àwọn Faransé lókè òkun kó tó padà wá sí Sakété. Nígbà tí òmìnira ṣì tuntun, abẹ́ igi máńgòrò wa ló ti máa ń fi èédú ya àwòrán ilẹ̀, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi èkùrọ́ ṣeré ogun lórí rẹ̀. A máa ń fi ẹfun kun èkùrọ́ ọ̀tá. Ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ yà, ààlà ló ń kẹ́yìn.

"Ogun ò mọ ààlà," á ní, "ọ̀nà ló mọ̀."

Ìlú òkèèrè nìkan ló ń yà. Bí wọ́n bá ní kó ya Sakété, ojú rẹ̀ á le.

"Ṣé kí n júwe ilé wa fún ogun ni?"

Lọ́jọ́ kan, ó ti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú èédú, ó ya ọ̀nà láti Àjàṣẹ́, ó fà á gba Sakété dé Pọbẹ̀. Ó to èkùrọ́ sí ìhà méjèèjì, kò fọwọ́ kan ẹfun.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo wá ni ọ̀tá?"

"Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ọmọ wa ni gbogbo wọn."

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró kámíyọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà, láti ọ̀nà Àjàṣẹ́. Gbogbo wa dìde. Òun ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn rọra ti èkùrọ́ kan wọ Sakété.