Igi Páìnì Àbúrò Ọkọ Mi

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló gbé igi náà wá, pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi ti ọ̀dọ̀ ọmọ òun ní Kánádà dé. Ìgbà tí kò rí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ló rántí mi.

Igi Ọsirélíà ni, irú èyí tó ga gbọọrọ nínú bárékè Ọ̀jọ́, tó máa ń súfèé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Páìnì la ń pè é. Ọkọ mi ṣa èso rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a sì sọ ọ́ di bọ́nsáì: igi ńlá tí à ń gé, tí à ń fi wáyà tẹ̀, títí yóò fi jókòó sínú àwo bí arúgbó kúkurú. Ó lé ní ogún ọdún tí a fi ṣe é lẹ́yìn ilé wa ní Ìbà. Òun ló gbìn ín. Èmi ni mo ń gé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ mi, nígbà tí mọ̀lẹ́bí jókòó pín ẹrù, àbúrò rẹ̀ yìí nawọ́ sí igi náà. "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyàwó wa ò kúkú bí ẹni tó máa bá a bomi rin ín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti dáyé kí n tó wọlé wọn, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Adúmáadán, ẹ máa gbé e lọ." Mo tún fi aṣọ há a nínú ọkọ̀ kó má baà ṣubú.

Nígbà tó gbé e padà wá, ara igi náà yá gágá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Báyọ́lọ́jì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Òkokomáikò. Mo mọ̀ pé àwọn kókó róbótó tó wà lára gbòǹgbò páìnì kì í ṣe àrùn. Àwọn ló ń bá igi wá oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo gbé e sídìí ẹ̀rọ omi, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹni ń fọ ẹ̀fọ́, mo fi èékánná ha àwọn kókó náà dànù. Mo tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Aládùúgbò tó bá wò mí, ìtọ́jú ni yóò rí. Kò pé oṣù kan tó fi gbẹ.

Obìnrin náà dé, ó wò ó títí. "Ìyàwó wa, kí ló pa á?"

"Ọyẹ́ ni, Adúmáadán. Tọdún yìí le."

Ó di ìdí igi mú, ó fà á yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ọyẹ́ wá ń fọ nǹkan báyìí?"

Mo retí èébú. Láti ọjọ́ ìpín ẹrù ni mo ti to èsì mi sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé igi náà lé ẹsẹ̀. "Gbogbo ẹrù yòókù tí a pín ni wọ́n ti tà. Èyí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn."

Èmi ni mo ṣì ń sùn sórí ibùsùn ọkọ mi. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ jẹ́ n bu omi tútù wá fún yín."

Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ ìpín ẹrù ṣì ń dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n igi kọ́ ló sọ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè mí, tó ń béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti ń ṣe sí. Ó mọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Mo ń dá a lóhùn, mo ń kí ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń pa fóònù láìtíì jẹ́wọ́.