Ẹni tó di ìbọn bàbá mi

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ẹni tó di ìbọn bàbá mi. Ìyá mi ni!

Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀yà ti ń bọ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lóko wa ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n á yin ìbọn, kò ní dún. Bàbá mi ní Bàbá Délé aládùúgbò wa ló fi oògùn dì í. Àwọn méjèèjì ò kíra mọ́.

Mo délé lónìí láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ onírin kékeré tí bàbá mi jogún, tí wọ́n fi ń tún ẹ̀tù kì sínú kòròfo katiríìjì ìbọn, òun ni ìyá mi fi ń pa ekùrọ́! Òróró ti bò ó.

"Màámi! Òróró yìí ló ń ba ẹ̀tù jẹ́!"

Ni bàbá mi bá wọlé. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ìyá mi.

Ìyá mi ò tiẹ̀ mikàn. "Bàbá Káyọ̀dé, ta ló ń jẹ ekùrọ́ ọ̀hún tán lálaalẹ́ nínú ulé yìí?"

Bàbá mi bu ekùrọ́ kún abọ́, wọ́n forí lé ilé Bàbá Délé.

Kí ni ọdẹ ń sọ tó bá fẹ́ bẹ ẹni tó fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀? Ẹ tètè dáhùn o, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn.